Ọjọ́ Tí Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Jẹ Iyán Ilé Wa

Mo rántí ìgbà tí bàbá mi máa ń wọ aṣọ kákí iṣẹ́ rẹ̀ láràárọ̀, tí yóò sì wọ̀ ọ́ jókòó sí ẹ̀yìn ilé wa títí oòrùn yóò fi rọ̀, nítorí pé kò sí ibi iṣẹ́ kankan tí yóò wọ̀ ọ́ lọ. Oṣù mẹ́jọ ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà náà Èkìtì ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Àkúrẹ́ ni gbogbo ìwé àṣẹ ti ń wá, àwọn sójà sì ti fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn olóṣèlú, tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fi ń jókòó. N kò ní dárúkọ ìlú wa. Ó wà láàrin Àrámọkọ àti Ìjerò, ó sì ní oríta kan tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Àwọn ọmọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣì ń gbé ibẹ̀, wọn kò sì ṣe mí ní ibi kankan rí.

Bàbá mi ni onísítọ́ọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wa. Àgbẹ̀ ni kí ó tó di òṣìṣẹ́ ìjọba, bí àgbẹ̀ náà ni ó sì ṣe ń tọ́jú sítọ́ọ̀. Bí a ṣe ń to iṣu sínú àká ni ó ń to páìpù omi: àwọn ńlá nísàlẹ̀, àwọn kékeré lókè, orí kan kò sì gbọdọ̀ yọ ju ìkejì lọ. Bí páìpù tuntun bá dé, yóò mú ọ̀dà pupa tí ó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kun pátákó ọ́fíìsì, yóò fi kun ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan yíká. Ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́ yìí. Ó ní bí ọkọ́ bá ṣá iṣu, eérú ni a fi ń ra ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kí ó má baà jẹrà, àti pé ẹnu ni ìpẹtà ti ń wọ irin. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn á ní, "Bàbá onísítọ́ọ̀, ṣé ẹ ti fi eérú ra ti òní?" Òun náà á dáhùn pé, "Ó ku ẹnu tìrẹ."

Ogójì páìpù ni ìjọba rà láti fi fa omi dé ilé ìwòsàn wa. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀gá ẹ̀ka iṣẹ́, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà, mú lọ́rí àti ìwé àṣẹ wá, ó sì ní kí bàbá mi kó gbogbo wọn jáde. Bàbá mi kó wọn jáde. Nígbà tí ó ní òun fẹ́ tọ́jú ìwé náà, Ẹnjiníà ní òun kò tíì buwọ́ lù ú tán, òun á dá a padà ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé náà kò dé títí di òní. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè omi, Ẹnjiníà ní olè ti kó páìpù ní sítọ́ọ̀, kí wọ́n lọ bi onísítọ́ọ̀. Ọlọ́pàá ti bàbá mi mọ́lé fún ọjọ́ méjì, wọ́n dá owó oṣù rẹ̀ dúró, wọ́n sì ní kí ó lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀. Awakọ̀ lọ́rí náà, ará Ọ̀yọ́ kan tí ó ti pẹ́ ní ìlú wa, yọ́ wá bá bàbá mi nínú oko, ó sọ fún un pé oko Ẹnjiníà ní ojú ọ̀nà Ayétòrò ni òun já ẹrù náà sí. Ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n bá pe òun síta, òun kò mọ nǹkan kan, nítorí òun ní ọmọ mẹ́fà.

Ní ìlú kékeré, bí wọ́n bá pe ènìyàn ní olè, orúkọ náà kì í dúró lórí òun nìkan. Ó máa ń wọlé, ó máa ń jókòó ti àwọn ọmọ. Àbúrò mi ọkùnrin kò lọ sí ilé ìwé mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí pé wọ́n ń pè é ní "Páìpù". Ọkùnrin kan wà tí ó ń wá sọ́dọ̀ mi láti Èfọ̀n nígbà náà, ó sì ti ṣèlérí pé àwọn ẹbí òun ń bọ̀ wá rí àwọn òbí mi. Ìlérí náà ni mo rí, n kò rí àwọn ẹbí. N kò bi í léèrè ìdí, òun náà kò sì padà wá sọ ọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni ó kọ ìwé ẹ̀sùn sí Ilé Aṣòfin ní Àkúrẹ́. Kì í ṣe nítorí bàbá mi ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí omi ni. Ilé Aṣòfin yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje láti wá ṣe ìwádìí. Olùkọ́ àgbà tí ó ti fẹ̀yìntì ni alága wọn, ọkùnrin tín-ín-rín kan tí ó máa ń na ìka sókè bí ẹni tí ó fẹ́ kí kíláàsì dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe yan ìgbìmọ̀ náà, wọn kò fún un ní owó. Àwọn tí ó ń di owó mú ní Àkúrẹ́ ní kí wọ́n ṣì máa lọ, pé owó á bá wọn lọ́nà. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n dé, ìjọba ìbílẹ̀ wa ni ó gbà wọ́n lálejò, ẹ̀ka iṣẹ́ ni wọ́n sì fi ìtọ́jú wọn lé lọ́wọ́, nítorí òun ni ó ní mọ́tò. Ẹnjiníà ni ó wá ilé fún wọn ní ilé àlejò ìjọba ní Ìkọ́gòsì, létí ibi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀. Ẹnjiníà ni ó ń gbé wọn wá ní àárọ̀, tí ó ń gbé wọn padà ní ìrọ̀lẹ́. Oúnjẹ wọn, ìjókòó wọn, bébà tí wọ́n ń kọ nǹkan sí, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Wọn kò lè mú taípíìsì wá nítorí kò sí owó tí wọn yóò fún un, nítorí náà ìjọba ìbílẹ̀ yá wọn ní taípíìsì kan.

Èmi ni taípíìsì náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí, mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì gbà pé kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ tẹ ìwé ju mí lọ láti Erió títí dé Ìjerò. Taípíìsì àgbà wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó wà nílé. Akọ̀wé ọ́fíìsì sọ fún mi pé kí n lọ, n kò sì sọ fún un pé kò yẹ kí n lọ. Orúkọ bàbá bàbá mi ni mo ń jẹ́ ní ilé ìwé, bàbá mi sì ń jẹ́ orúkọ ìsàmì rẹ̀ ní ibi iṣẹ́. Àwọn ará Àkúrẹ́ kò lè fi orúkọ dá wa mọ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi mí ọmọ ta ni mí. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tí a kò bi kò purọ́. Bí mo ṣe gbọ́n tó nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tẹ ẹjọ́ bàbá mi nínú gbọ̀ngán ìjọba ìbílẹ̀. Mo tẹ ibi tí Ẹnjiníà ti ní ọkùnrin náà fẹ́ràn owó. Mo tẹ ibi tí ó ti ní òun ti ń fura sí i tipẹ́. N kò fò ọ̀rọ̀ kan, n kò dín àmì kan. Nígbà tí bàbá mi wọlé láti jẹ́rìí, kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá, èmi náà kò gbójú sókè. Ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé náà, ó sì fi ẹ̀bẹ̀ parí rẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá, n kò ní kí ẹ gba ohun tí mo sọ gbọ́. Ẹ ṣáà lọ wo oko tó wà lójú ọ̀nà Ayétòrò. Bí ẹ kò bá bá páìpù níbẹ̀, kí ọlọ́pàá wá mú mi padà."

Alága ní àwọn yóò lọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, èmi náà tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò Ẹnjiníà ni wọn yóò wọ̀ lọ. Ní ọjọ́ kìíní, Ẹnjiníà ní táyà kan ti rọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ní epo kò sí ní gbogbo Àrámọkọ. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní awakọ̀ lọ sìnkú ní Èfọ̀n. Síbẹ̀, bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́, táyà á le, epo á yọjú, awakọ̀ á ti ibi òkú dé, mọ́tò á sì gbé wọn lọ sí Ìkọ́gòsì. Ọ̀kan wà nínú àwọn aṣòfin náà, ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun tó wọlé, tí kò béèrè ìbéèrè kankan fún odidi ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta ni ó tó na ọwọ́, gbogbo wa sì yíjú sí i.

Ó ní, "Ẹnjiníà, omi gbígbóná yẹn, ibo gan-an ni ó ti ń pàdé omi tútù?"

Ní ọjọ́ kẹta yìí kan náà, oúnjẹ ọ̀sán kò dé. Láti Ìkọ́gòsì ni mọ́tò ti ń gbé e wá, Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ni ó sì bá a lọ lọ́jọ́ náà. Aago kan kọjá, aago méjì kọjá. Mo rí i tí ọwọ́ Alága bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí bébà. Ó mu omi, ó fi ọwọ́ di ikùn mú, ó tún mu omi. Mo ti gbọ́ nígbà tí ó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé òun ní ọgbẹ́ inú, òun kì í lè pẹ́ kí òun tó jẹun. Nígbà tí wọ́n ní kí a sinmi fún wákàtí kan, mo sáré lọ sílé. Bàbá mi ti bọ́ kákí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti lọ sí oko. Ìyá mi nìkan ni mo bá.

Mo ní, "Màmá, àwọn àlejò tó ti Àkúrẹ́ wá, ebi ń pa wọ́n."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn. Èyí tó dàgbà jù ti ń gbọ̀n."

Ìyá mi wò mí títí. "Àwọn tó ń ṣe ẹjọ́ bàbá rẹ?"

"Àwọn ni."

Ó dìde, ó lọ sí ìdí àká níbi tí iṣu tí ó kù wà. "Ebi ò mọ ẹjọ́," ni ó wí. "Kò sí àlejò tó gbààwẹ̀ rí ní ulé wa. Bó uṣu yìí kíákíá, kí ọwọ́ rẹ ó má dẹ̀."

Kí a sọ òtítọ́, kò sí ẹ̀tàn kankan lọ́kàn wa. Bí wọ́n ṣe tọ́ ìyá mi ni ó ṣe tọ́ mi, pé àlejò tí ó bá ń wo ojú ẹni tí ebi ń pa á, ẹ̀ṣẹ̀ onílé ni. N kò ronú kan ju pé kí iyán náà má baà kókó lọ. Ìgbà tí mo gbé abọ́ mẹ́ta wọ gbọ̀ngán, iyán ń rú èéfín, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sì ní ẹran ìgbẹ́ nínú, àwọn ọkùnrin méje náà kò béèrè ohunkóhun. Wọ́n wẹ ọwọ́. Alága gbàdúrà kúkúrú kan tí kò lò ju ìṣẹ́jú ààbọ̀ lọ. Fún ìgbà díẹ̀, ìró ọ̀fun nìkan ni à ń gbọ́. Nígbà tí Alága gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti mọ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ tó gún un."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Àmín, sà." Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo dá iyán sílẹ̀.

Ìgbà náà ni Ẹnjiníà wọlé pẹ̀lú kúlà ìrẹsì lọ́wọ́. Ó wo àwọn abọ́. Ó wò mí, èmi tí ó ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní tí kò sì tíì fi hàn. Ó gbé kúlà náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ọnọ́rébù, ẹ kú ìgbádùn o. Ṣé ẹ mọ ilé tí iyán yìí ti wá?"

Ọkùnrin oníkùn náà ṣì ń lá ìka.

"Ilé onísítọ́ọ̀ ni. Taípíìsì yín yìí, ọmọ rẹ̀ ni, àkọ́bí. Àwọn bàbá wa ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Iyán àti ẹran ìgbẹ́ wá ń kọ́?" Ó yíjú sí àwọn ará ìlú tí wọ́n ti ń padà wọlé. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Olè fún adájọ́ lóúnjẹ, adájọ́ sì jẹ ẹ́ tán. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ èyí sínú ìwé."

Àwọn Yorùbá ní ìdúró kò sí, ìbẹ̀rẹ̀ kò sí fún ẹni tí ó gbé odó mì. Orí ìkúnlẹ̀ tí mo wà ni mo dúró sí. Gbọ̀ngán náà kún, gbogbo ojú ń wò mí, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ohun tí mo ṣe bí ẹni tí wọ́n tan iná sí lójú. Èmi ọmọ ẹni tí wọ́n ń ṣe ẹjọ́ rẹ̀ ni mo ń kọ ẹjọ́ náà sílẹ̀, èmi kan náà ni mo sì fún àwọn tí ó ń dá a ní oúnjẹ. Bí mo bá jókòó oṣù kan láti ronú ọ̀nà tí n óò gbà ba ti bàbá mi jẹ́, n kò lè rí èyí tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Alága na ìka sókè, gbogbo ilé dákẹ́.

"Ṣé òótọ́ ni, ọmọ mi?"

"Òótọ́ ni, sà."

"Kí ló dé tí o kò fi sọ fún wa?"

"Ẹ kò bi mí, sà." Bí ó ṣe jáde lẹ́nu mi báyìí, mo mọ̀ pé kò dára tó. Mo tún ní, "Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́, sà."

"Ta ní rán ọ ní iyán?"

"Ẹnikẹ́ni kò rán mi, sà. Ọwọ́ yín ni mo rí tó ń gbọ̀n."

Ó ní kí n kó gbogbo ohun tí mo ti tẹ̀ wá. Ó mú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ nǹkan sí jáde, ó gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, bí olùkọ́ tí ó ń yẹ iṣẹ́ àmúrelé wò. Ó pẹ́. Ẹnjiníà ti ń wo aago. Nígbà tí ó dé ibi tí wọ́n ti ní bàbá mi fẹ́ràn owó, ó dúró, ó wò mí lókè awò ojú rẹ̀, ó sì ń bá kíkà lọ. Ìgbẹ̀yìn ni ó pa ìwé dé.

Ó ní, "Ó pé. Ó tẹ èyí tí kò dùn mọ́ òun náà." Lẹ́yìn náà ni ó yíjú padà. "Ẹnjiníà, ìbéèrè kan. Ta ni ó san owó ilé tí a sùn sí?"

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ka iṣẹ́ ni, sà. Àlejò wa ni yín."

"Mọ́tò tí ó ń gbé wa ń kọ́?"

"Ti ẹ̀ka iṣẹ́ náà ni, sà."

"Oúnjẹ ìjẹta, ti àná, èyí tí ó wà nínú kúlà yìí?"

Ẹ̀rín náà ti ń tán. "Ìtọ́jú lásán ni, sà."

"Páìpù tí ó sọnù ń kọ́, ẹ̀ka wo ni ó ni ín?"

Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ̀ka kúlà!" gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí abọ́ iyán kan bá lè ba ìwádìí jẹ́, kí ni a fẹ́ pe ọjọ́ mẹ́ta tí a fi sùn sórí ibùsùn ẹlòmíràn? Ó ní ìdí nìyí tí a kò fi dé ojú ọ̀nà Ayétòrò, nítorí ẹni tí ó bá ń wọ mọ́tò ènìyàn, ibi tí onímọ́tò bá ń lọ ni yóò bá a dé. Ó ní òun jẹ̀bi kí ọmọbìnrin yìí tó jẹ̀bi. Ó wá tú ìjókòó ká. Ó ní títí Ilé Aṣòfin fúnra rẹ̀ yóò fi fi owó ara rẹ̀ rán àwọn níṣẹ́, ìwádìí náà dúró. Wọ́n kọ mọ́tò Ẹnjiníà sílẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé oríta, àwọn ọkùnrin méje nínú agbádá, wọ́n sì dúró de bọ́ọ̀sì Àkúrẹ́ láàárín àwọn ìyá tí ó ń ru ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin oníkùn náà ni ó kẹ́yìn. Ó ń kùn, ó sì ń bojú wẹ̀yìn wo kúlà ìrẹsì.

Kò sí ẹni tí ó gbà pé wọn yóò padà. Ta ni ó rí owó gbà ní Àkúrẹ́ rí? Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti kárí ìlú pé ọmọ onísítọ́ọ̀ fi iyán lé ìgbìmọ̀ lọ. Àwọn obìnrin ní ibi omi ń bi mí bóyá mo lè bá wọn gún díẹ̀ fún àwọn agbowó orí. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni bàbá mi. Ó ti gbọ́ ọ lójú ọ̀nà oko. Ó wọlé, ó gbé àdá kalẹ̀, ó jókòó, ó sì pè mí. Mo kúnlẹ̀, mo ń sunkún.

Ó ní, "Ṣé wọ́n yó?"

"Wọ́n yó, bàbá."

"Alága náà ńkọ́?"

"Òun ló jẹun jù."

Ó mi orí. "Ó dáa," ni ó wí. Ó lọ wẹ̀. Kò tún dárúkọ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sùn dáadáa. Láti inú yàrá mi ni mo ti ń gbọ́ bí bẹ́ẹ̀dì wọn ṣe ń han, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo fi kún ẹrù rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méje ni a fi dúró. Rédíò Àkúrẹ́ ni ó ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Àwọn kan nínú Ilé Aṣòfin ní kò mọ́gbọ́n wá kí a ná owó ìwádìí tí ó lè ju owó páìpù lọ. Àwọn mìíràn ní àwọn aṣòfin fẹ́ máa gba owó lọ wẹ omi gbígbóná ni. A gbọ́ ohùn Alága nígbà kan, ó ń hó bí ohùn olùkọ́ nínú òjò. Ó ní bí ìjọba bá ń san owó fún ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́, tí kò san fún ẹni tí ó ń yẹ iṣẹ́ náà wò, ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ ni yóò máa bọ́ ẹni tí ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn méjèèjì á sì jọ máa yó. Bàbá mi sún mọ́ rédíò títí etí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án. Ìyá mi ní kí ó má wọ inú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo jókòó ní ìdí taípù mi nígbà tí mo rí ọkọ̀ kékeré kan tí ó ti gbó tí ó dúró sí iwájú ọ́fíìsì. Àwọn mẹ́ta ni ó sọ̀kalẹ̀. Owó tí Ilé Aṣòfin fọwọ́ sí kò lè gbé méje, nítorí náà àwọn tí ó ń lọ nítorí oúnjẹ ti yẹra fúnra wọn. Alága wà níbẹ̀. Wọ́n kó sítóòfù, ìkòkò, àpò gaàrí àti ẹní. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé yàrá kíláàsì kan ní ilé ìwé ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n sùn sí. Wọ́n tún mú taípíìsì tiwọn wá, bàbá arúgbó kan tí ó ń fi ìka méjì tẹ ìwé. Mo rí i, ó sì dùn mí díẹ̀, nítorí gbogbo àmì ni ó ń fò. Wọn kò wọlé kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ sí ilé wa, wọ́n gbé bàbá mi pẹ̀lú kákí rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà oríta lọ.

Ojú fèrèsé ni mo dúró sí. Bí ènìyàn bá yà sí ọ̀tún ní oríta yẹn, yóò lọ sí Àrámọkọ àti Ìkọ́gòsì. Bí ó bá yà sí òsì, yóò lọ sí ọ̀nà Ayétòrò. Ọkọ̀ náà dúró kí ó jẹ́ kí àwọn ewúrẹ́ kọjá. Ó yà sí òsì. Mo rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìdí tábìlì. Ẹnjiníà wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ wa, mo gbọ́ bí ó ṣe ń pe awakọ̀ rẹ̀ ní àpèsáré, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, táyà rọ̀ ní tòótọ́.

Páìpù wà níbẹ̀. Ẹnjiníà ti ri èyí tí ó pọ̀ jù mọ́lẹ̀, wọ́n ń gbé omi láti odò lọ sí adágún ẹja rẹ̀. Mẹ́sàn-án tí kò tíì rì wà lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Kò kó wọn kúrò nítorí kò gbà pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀. Alága ní kí wọ́n ṣí imọ̀ náà kúrò. Gbogbo ẹnu páìpù náà pupa. Bàbá mi sọ fún wa pé òun kàn bẹ̀rẹ̀, òun fi ọwọ́ pa ẹnu ọ̀kan, kò sì sí ìpẹtà níbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni awakọ̀ ará Ọ̀yọ́ wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sọ ohun gbogbo tí ó mọ̀. Ó ní òun rí i pé mọ́tò tí kì í ṣe ti Ẹnjiníà lè dé ojú ọ̀nà yẹn.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ìyá mi lọ kí wọn ní ilé ìwé. Kò gbé abọ́ dání, ó kàn béèrè bóyá wọ́n lè yà sílé kí wọ́n fi nǹkan sẹ́nu. Alága ní, "Màmá, iyán yín kò tíì kúrò lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ìwé ọkọ yín bá jáde." Inú bí ìyá mi. Ó ní òun kò mọ irú iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe tí kò ní lè jẹun ní ilé ọmọlúàbí. Ìwé náà jáde láàárín oṣù kan. Wọ́n dá bàbá mi padà sí ẹnu iṣẹ́, wọ́n san owó oṣù rẹ̀ gbogbo, ọlọ́pàá sì mú Ẹnjiníà lọ. Kò pẹ́ rárá sí i tí àwọn sójà tún ti Ilé Aṣòfin pa. Mo máa ń ronú rẹ̀ nígbà mìíràn pé bí ọ̀sẹ̀ méje yẹn bá di oṣù méje, bàbá mi ì bá kú sórí orúkọ olè yẹn ni.

Kò kú sórí rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìntì, a ti di Ìpínlẹ̀ Èkìtì nígbà náà, omi sì ń yọ ní ilé ìwòsàn, bí kò tilẹ̀ ṣe ojoojúmọ́. Mo ti di ìyá ọlọ́mọ. Bí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń bínú lórí rédíò pé àwọn aṣòfin tún ń béèrè owó ìwádìí, n kì í bá wọn jiyàn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ìbínú náà tọ́. Ọkùnrin oníkùn wà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá san owó náà.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin mi mú ọkọ àfẹ́sọ́nà wá. Àwọn ẹbí ọkùnrin náà, ará Ìlá, rán obìnrin méjì àgbàlagbà wá sí ìlú wa láti ṣe ìwádìí ìdílé, bí a ṣe máa ń ṣe. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi rìn káàkiri. Wọ́n sùn sí ọ̀dọ̀ ará ìlú wọn kan tí ó ń ṣòwò ní ọjà, wọ́n béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn arúgbó, wọ́n tilẹ̀ béèrè ní ilé Ẹnjiníà. Nígbà tí wọ́n ṣe tán ni wọ́n tó wá sí ilé wa. Mo gbé omi fún wọn. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn gba ife lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Àna mi, a ti bi gbogbo ìlú. Wọ́n ní onísítọ́ọ̀ ni bàbá yín, pé kò mú nǹkan ẹlòmíràn rí."

Ó sì mu omi náà tán.